Ọkọ Tí Wúrà Gbé Lọ

Lọ́sàn-án báyìí, tí mo bá ti wá iṣẹ́ káàkiri ìlú títí tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí, tí mo wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní láìbọ́ aṣọ, ohun tí etí mi máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ariwo mọ́tò tí ń kọjá níta. Ìró ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni, bí ó ṣe máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu ọ̀nà yàrá, tí yóò tún wọ́ ọ padà sí ẹ̀yìnkùlé, nínú agbo ilé wa ní Ìyèré, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí n kò rí ló yẹ kí n máa rò. Mo kàwé, mo gboyè, mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ibikíbi tí mo bá sì dé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n ṣì máa retí àwọn. Ìretí yìí ló rẹ̀ mí ju ìrìn lọ. N kò sí nílé ìwé mọ́, n kò sì tíì sí níbi iṣẹ́. Tí àwọn èèyàn bá béèrè ohun tí mò ń ṣe, ń ṣe ni ẹnu mi máa ń wúwo, bí ẹni pé mo jẹ̀bi nǹkan kan. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyí tí Ìyá Àgbà fi ń wá sí mi lọ́kàn, torí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tí kò sí níhìn-ín, tí kò sì sí lọ́hùn-ún, tí ó gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìráhùn sétí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ kékeré ni mí ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti lè pọn omi ṣùgbọ́n n kò tíì lè gún iyán. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wá sílé. Màmá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá màmá mi, ni mo ń sùn, nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ilé náà kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn kan ti ń gbálẹ̀, àwọn kan ti ń lọ ata, ewúrẹ́ á máa ké nítorí èèpo iṣu. Ní ìrọ̀lẹ́, ìró odó á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, òórùn ẹran ìgbẹ́ á máa jáde láti inú ìkòkò ẹlòmíràn, àwa ọmọdé á sì máa rìn gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń gbé inú ilé náà tí kò ní ibi tó ń jókòó sí. Ìyá Àgbà nìkan ni kò ní.

Bí ọ̀ràn náà ṣe rí nìyí. Tí ọkùnrin bá kú ní agbo ilé wa, ọ̀nà méjì ni àwọn obìnrin ilé máa ń pín sí. Àwọn tí ọkọ wọn wà láyé ló ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn opó ló ń jókòó nínú yàrá pẹ̀lú opó tuntun, lórí ẹní kan náà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láyé kò gbọdọ̀ fìdí kan ẹní yẹn, wọ́n ní yóò máa fi ìdí ara rẹ̀ pe ikú sílé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà nídìí ààrò kì í fẹ́ kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù bá wọn ro ọbẹ̀, kí ọkọ tiwọn náà má baà ní ẹsẹ̀ ìrìn. Ìyá Àgbà kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe ẹni tó lọ́kọ. Àjàyí ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti lọ wa wúrà nígbà ayé àwọn òyìnbó, nígbà tí oyún màmá mi ṣì wà níkùn Ìyá Àgbà. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó yá, kò ránṣẹ́ mọ́. Àwọn ẹbí wá a dé Iléṣà, ẹnì kan sọ fún wọn pé ó ti kọjá sí Gánà, wọ́n sì padà. Láti ìgbà náà, tí òkú bá kú nílé wa, Ìyá Àgbà kì í jókòó. Á gbé omi láti ẹ̀yìnkùlé wá sínú ilé, á gbé abọ́ láti inú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìró bàtà tí mò ń gbọ́ nìyẹn. Nígbà náà, mo rò pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ ni. Ó dùn mí nísinsìnyí pé mo rò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni mí, tí kò sí bí mo ṣe lè mọ̀.

Òṣómàáló kan, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní ilé dé ilé, ló da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní iwájú ilé wa nígbà tó sọ pé òun rí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Ọ̀wọ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n ti wa wúrà rí, ó sì ya òun lẹ́nu, torí kò sí ará Ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà béèrè ìlú wo. Ó ronú, ó ní kò dá òun lójú, bóyá Ìpérìndó, bóyá Ìbòdì. Ìyá Àgbà dìde. Ó wọlé, ó sì dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ohun tí kì í ṣe.

Nígbà tí màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó gbọ́, inú bí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ẹsẹ̀ yín ń wú. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Èmi ni mò ń wọn ọ́n, mo mọ̀."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí."

"Kò sí. Èmi ò ní bàbá. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi."

"Ọ̀nà ló jìn," Ìyá Àgbà dá a lóhùn, "ẹrú náà ní baba. Ìwọ kì í sì í ṣe ẹrú."

Màmá mi ní òun kò níí tẹ̀ lé e lọ síbi kankan. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ fún mi pé bàbá òun lọ kí ó tó mọ̀ pé ìyá òun lóyún, pé ká ní ó mọ̀ ni, kì bá tí lọ. Bí ẹni ń sọ àlọ́ tó ti há sórí ló ṣe máa ń sọ ọ́. Èmi ni Ìyá Àgbà wá mú dání. Ó ní òun kò lè dá jókòó sínú mọ́tò ọkùnrin kí àwọn èèyàn máa wo òun.

Ọkùnrin náà ni Bọ̀ọ̀dá Ráímì, mẹkáníìkì kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀ tó máa ń rán aṣọ ọdún fún ilé wa, àwọn Mùsùlùmí tí a ti ń bá ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní Píjò kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ la gbéra. Mo ti rò pé ìrìnàjò á dùn. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ ilé pé mò ń lọ síbi tí wúrà wà, mo sì rò nínú ọkàn mi pé bí a bá débẹ̀, ilẹ̀ á máa dán. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Àkúrẹ́ ni èébì ti ń gbé mi. Nígbà tí a kọjá Ìgbárá-Òkè, tí a wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, torí abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Iléṣà wà nígbà náà, omi inú ẹ́ńjìnnì hó, a sì jókòó sábẹ́ igi kí ó tutù. Òòrùn mú. Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ tó wú síwájú, ó ń wo ọ̀nà.

"Màmá," Bọ̀ọ̀dá Ráímì ní, "bí a bá rí bàbá yìí láàyè, ibo ni kó jókòó sí nínú mọ́tò? Torí ilẹ̀kùn yẹn, bí ó bá wọlé, kò ní lè sá jáde mọ́."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìdí rẹ̀ tí mo fi gba mọ́tò rẹ nìyẹn, Ráímì."

A yà kúrò ní ojú ọ̀nà ńlá lọ sí Ìpérìndó. Mo wá wúrà títí, n kò rí i. Irin ẹ̀rọ kan ló wà létí igbó, ó ti dógùn-ún, àwọn ewúrẹ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí a béèrè Ilé Ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mirí. "Àwọn ará Ọ̀wọ̀ wà níbí nígbà kan. Àwọn Ìgbìrà náà wà. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń lọ sílé lọ kí ìyàwó, àwọn ń bọ̀." Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ padà. "Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n délé."

Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì padà sínú mọ́tò. Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún. Mo fẹ́ kí ó yéni pé kì í ṣe ara nìkan ló rẹ̀ mí. Mo rí i pé bí mo ṣe ń retí láti rí wúrà, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń retí, àti pé ìretí tirẹ̀ ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ fíìfíì. Mo ronú pé bóyá bí èèyàn ṣe ń dàgbà nìyẹn, kí ó máa jókòó sínú mọ́tò gbígbóná, kí ó máa lọ síbi tí kò dá a lójú. N kò tíì ní ìdí láti yí èrò yẹn padà.

Ní Ìbòdì, bàbá àgbàlagbà kan ló dá wa lóhùn, ó jókòó sí abẹ́ àtíbàbà níwájú oko kòkó rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe sá kiri, torí kòtò tí wọ́n ti wa wúrà ṣì wà nínú oko, ewé ti bò ó, omi ló wà nísàlẹ̀. Òun náà ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Inú odò ni wọ́n máa ń dúró sí láti àárọ̀, wọ́n á máa fi abọ́ fífẹ̀ fọ yanrìn, wọ́n á máa dà á nù díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ìwọ̀nba tó ń dán ní ìdí abọ́. Ó wo Ìyá Àgbà dáadáa.

"Ẹ fẹ́ mú un lọ sílé ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà."

"Tí ó bá wà ńkọ́?"

"Màá kí i."

"Tí kò bá sí?"

"Màá jókòó," Ìyá Àgbà ní.

Bàbá náà rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó sún láti fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì. Bọ̀ọ̀dá Ráímì wo ilẹ̀. Òun mọ ohun tí Ìyá Àgbà wí, torí ó ti bá wa sin òkú rí. Bàbá náà wá nawọ́ sí ọ̀nà, ó ní kí a lọ sí Ìtagunmódì, kí a béèrè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a óò rí Ilé Ọ̀wọ̀ níbẹ̀.

Ilé kékeré ni, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Obìnrin kan ń sá kòkó níwájú rẹ̀. Kò tíì darúgbó tó Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ráímì ló sọ̀rọ̀, ó ní láti Ọ̀wọ̀ la ti wá, ọ̀rọ̀ Bàbá Àjàyí la bá wá. Obìnrin náà ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi. Ó ní ẹ ń bọ̀. Títí tó fi kú ló ń sọ pé ẹ ń bọ̀."

Bí ìyàwó ṣe ń kí àwọn ọmọbìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ló ṣe kí i. Ó ní Àjàyí sọ fún òun pé òun kò ní ẹnìkan nílé mọ́, àfi ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó tọ́ òun dàgbà. Ó pe ọmọ rẹ̀, Dúpẹ́, pé kó gbé omi wá fún ìyá. Ọmọbìnrin náà jáde, ìgò omi lọ́wọ́, ojú màmá mi ló wà lórí rẹ̀. Iwájú orí yẹn ni, bí ó ṣe ń fún ètè rẹ̀ pọ̀ náà ni. Mo la ẹnu. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì pa ẹnu mi dé.

Nítorí náà a jókòó, a jẹ iyán, wọ́n sì ń bọlá fún Ìyá Àgbà bí ọmọbìnrin ilé. Mo ti ń gbìyànjú láti ìgbà náà láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń jẹun. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti gbọ́. Ohun tó wá wá, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ọkùnrin ní kì í ṣe opó rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, á padà sílé gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde, kò ní ẹní tí yóò jókòó lé. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ fún un yìí á mọ̀ pé irọ́ ni ọkọ òun pa fún òun, níwájú ọmọ rẹ̀. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá ti pariwo. Òun ń jẹ iyán rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n mú wa lọ síbi sàréè, lẹ́bàá ilé, lábẹ́ igi ọsàn. Obìnrin náà ní ó ti pẹ́ tí Àjàyí ti fi wúrà sílẹ̀, kòkó ló gbìn kẹ́yìn. Ibà ló pa á. Ó ní òun nìkan lòun jókòó ṣe opó, torí òun kò ní ìyálé tí yóò tú irun òun, bí ó ti yẹ kí opó tó jẹ́ àgbà tú irun opó tuntun. Òun fúnra òun lòun tú u.

Ìyá Àgbà wo sìmẹ́ńtì orí sàréè náà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì máa ń fi ẹsẹ̀ tútù wá ẹsẹ̀ èèyàn lábẹ́ aṣọ?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín kí ó tó ronú. "Ẹsẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní iṣẹ́ inú odò yẹn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó ní rárá, pé láti ilé ni..."

Kò sí arábìnrin tí ń béèrè irú ìyẹn. Ó wo Ìyá Àgbà, ó wo èmi, ó sì yíjú wo ọmọ rẹ̀ tó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi. Mi ò mọ̀."

"Dìde. Ìwọ kọ́ lo purọ́."

"Mo jókòó bí ẹni pé èmi ni àgbà."

"Ta ni ìbá jókòó? Èmi ò sí níbẹ̀." Ìyá Àgbà fi ìrora jókòó sílẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó sì ṣí gèlè orí ara rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, èmi ni mo bá a dì í ní ọjọ́ tó ṣáájú. "Tú u fún mi."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Kékeré kì í tú irun àgbà."

"Nínú ìyàwó, èmi ni àgbà. Nínú opó, ìwọ ni. Tú u."

Ó tú u. Ó ń tọrọ gáfárà ní ìdí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá Ráímì lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́. N kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí ara mi. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló bá mi, kì í sì í ṣe ayọ̀. Bí ẹni tó ti gbé ẹrù láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n bá a sọ ọ́, tí ọrùn rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ló rí, mo sì mọ̀ pé ẹrù náà kì í ṣe tèmi. Ibẹ̀ la sùn. Ẹní kan ni àwọn méjèèjì sùn lé.

Ọjọ́ kejì la padà. Nígbà tí a wọ agbo ilé, Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀ láìwé gèlè. Àwọn obìnrin rí irun rẹ̀. Odó dákẹ́. Àwọn opó ilé jáde, wọ́n dì í mú ní apá, wọ́n mú un wọ yàrá, wọ́n tẹ́ ẹní, ó sì jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Kò lè wọlé wá bá wọn jókòó lórí ẹní, torí bàbá mi wà láyé.

"Màmá, ta ló tú irun yín?"

"Ìyàwó mi ni."

Màmá mi gbọ́ ìyẹn, ó rò ó, mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà sọ fún un pé ó ní àbúrò obìnrin kan, pé orúkọ rẹ̀ ni Dúpẹ́, pé ó ń bọ̀ wá kí i. Màmá mi mirí bí ẹni pé ìyẹn kọ́ ni òun ń béèrè.

"Nígbà tó lọ, ṣé ó mọ̀ pé mo wà?"

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò sọ ohun tí a ti ń sọ látẹ̀yìnwá. Àwọn opó yòókù náà ń wò ó, bóyá wọ́n fẹ́ kí ó sọ ọ́.

"Ó mọ̀," ó ní. "Oyún náà ti yọ. Ó gbé ọwọ́ lé e kó tó lọ."

Màmá mi bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹní parí sí, kò kọjá a.